Iná Kékeré Aláwọ̀ Ewé

Ní Winnipeg, oṣù Kejì, òtútù ń bu ènìyàn jẹ bí ajá,
mo máa ń dé ọ́fíìsì kí oòrùn tó jí.
Aago mẹ́fà ààbọ̀. Àjà kẹrin ṣófo,
àfi ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń hanrun nínú ògiri.
Mo gbà pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń ṣiṣẹ́ jù.
Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? N ò mọ̀.
Ó ṣáà ti wà lórí mi bí fìlà.

Iṣẹ́ wa: kẹ̀kẹ́ arọ, ọ̀pá ìtilẹ̀, bẹ́ẹ̀dì onírin,
ká rí i pé ó dé ọwọ́ ẹni tó béèrè fún un
ní àwọn ìlú kéékèèké tí yìnyín bo orúkọ wọn.
Ojú kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mo gbé kalẹ̀.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi, iná kékeré aláwọ̀ ewé kan
ń sọ fún ọ̀gá pé mo wà, mo wà, mo wà.
Bí mo bá lọ tọ̀, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.
Tíì mi kì í dé ìlàjì ife kí n tó gbé e sílẹ̀.

Orysia kò rí bẹ́ẹ̀.
Ìyá àgbà ará Selkirk, gíláàsì rẹ̀ so mọ́ okùn ọrùn,
aago mẹ́sàn-án géérégé ló ń wọlé,
á bọ́ bàtà yìnyín, á mú fáìlì kan. Ẹyọ kan.
Nígbà míì á lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé,
á máa wo Odò Pupa tó dì gbagidi,
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sínú rẹ̀.
Mo sọ ọ́ létí Fọlárànmí pé ọ̀lẹ nìyí. A jọ rẹ́rìn-ín.

Nílé tí mo ti wá,
bàbá mi kì í jẹ́ ká jókòó lójú mọmọ.
"Kí lò ń wò? Ṣé ògiri ń sọ̀rọ̀ ni?"
Bí a bá ti gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀, kóówá á wá ìgbálẹ̀ mú,
ilẹ̀ tí a gbá láàárọ̀, a ó tún un gbá.
Ó jọ pé láti ìgbà náà ni mo ti ń gbá ilẹ̀ tó mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan,
ìpàdé ń lọ létí ọ̀tún, mò ń dá lẹ́tà lóhùn,
mò ń jẹ búrẹ́dì, mò ń tẹ àdírẹ́sì.
Lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún ni mo fèsì lọ́jọ́ náà!
Mo kọ òǹkà náà sórí ìwé pélébé,
mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ ọdún méje tó ń lọ sí Dauphin,
èmi ni mo fi ránṣẹ́ sí Brandon.
Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá rẹ̀ fi ń pọ̀n ọ́n lọ sílé ìwé.
Ó pè wá. Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù.
Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ti ń wúwo."

Orysia ló wá a rí. Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ;
ó lọ síbi fèrèsé rẹ̀, ó dúró.
Ó kù díẹ̀ kí n pariwo.
Nígbà tó yíjú padà, ó ní òpópónà olórúkọ kan náà
ló wà nílùú méjèèjì, pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí.
Ìpè ẹyọ kan. Kẹ̀kẹ́ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Wọ́n ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo.
Èmi lé mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún,
mo tún jókòó, mò ń ka ìrù wọn.

Ẹ má rò pé mo ti yí padà o.
Lánàá, aago méje ni mo ṣì dé.
Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án mo dìde, mo fi iná náà sílẹ̀ kó pọ́n,
mo lọ dúró ti Orysia. Kò bi mí ní nǹkan.
Lórí odò, ọkùnrin kan ti gbẹ́ ihò sínú yìnyín,
ó jókòó tì í, kò mira, okùn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo ní, "Ṣé iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn?"
Orysia nu gíláàsì rẹ̀.
"Béèrè lọ́wọ́ ẹja."